Gọ́tà Ẹ̀yìn Gbọ̀ngàn Wa

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹ̀ka wa sọ ní ìpàdé oṣù, tí ìgbìmọ̀ sì ní kí a tẹ̀ sínú ìwé ìròhìn ẹgbẹ́ nítorí àwọn tí kò lè wá

Ìgbìmọ̀ ni ó ní kí a sọ̀rọ̀ lórí àmì pupa tí wọ́n kọ sí ara ilé àwọn ènìyàn wa ní ẹ̀bá gọ́tà ńlá. Kì í ṣe pé a mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ ju ẹlòmíràn lọ. Ìwé mẹ́fà ni a kà, ọjà ni a sì ń tà. Ṣùgbọ́n àwa ni ẹ fi kọ́kọ́rọ́ àpótí ìwé ẹgbẹ́ sí lọ́wọ́. Ohun tí a rí nínú àpótí náà, àti ohun tí a rí ní káńsù láàrin oṣù méjì yìí, ni a fẹ́ kó kalẹ̀ níwájú yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀, nítorí pé àhesọ ti pọ̀ jù. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, kí a tó ṣí ìsọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ dé pẹ̀lú téèpù àti agolo ọ̀dà. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n wọn ilẹ̀ láti àárín gọ́tà lọ sí ọ̀tún àti sí òsì. Ilé tí ó bá bọ́ sínú ìwọ̀n wọn, wọ́n ń kọ àmì ìfagilé sí ògiri rẹ̀, irú èyí tí tíṣà ń kọ sí ìṣirò tí ọmọ kò gbà, wọ́n sì ń kọ ọjọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ilé 19 ni wọ́n kọ ọ́ sí. Nínú wọn, 11 jẹ́ ti ọmọ ẹgbẹ́ yìí tàbí ti ọmọ tí bàbá wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ yìí. Ẹ̀kejìlá ni gbọ̀ngàn tí a jókòó sí yìí. Bí ẹ bá jáde, ẹ wo ògiri ẹ̀yìn, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin tí ẹgbẹ́ ń gba owó rẹ̀ wà. Àwọn kan ti fi kálẹ́ńdà ẹgbẹ́ bo àmì náà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kálẹ́ńdà kò lè dá katapílà dúró.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ilé Alága kún bí ọjọ́ ọdún. Ẹnì kan ní kí a wá ẹni tí ó mọ gómìnà. Ẹlòmíràn ní kí a dá owó, kí a fi rí àwọn tí ó mú ọ̀dà wá. Ẹni kẹta dìde, ó ní nítorí pé a jẹ́ Yorùbá ni. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ilé náà dáadáa. Nínú ìyókù tí kì í ṣe tiwa, mẹ́rin jẹ́ ti Hausa, méjì jẹ́ ti Ígbò, ọ̀kan jẹ́ ti Nupe. Téèpù náà kò béèrè ilà ojú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìgbìmọ̀ wá ní kí àwọn onílé 11 náà mú ìwé ilé wọn wá, kí a lè mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi dúró. Ẹ má bínú, a ó sọ ohun tí a rí, a kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni méjì péré ni ó mú ìwé ọ́fíìsì ilẹ̀ wá. Ọ̀kan nínú méjèèjì sì wà lórúkọ bàbá tí ó ti kú láti 1994, tí àwọn ọmọ kò yí i padà. Ẹni mẹ́rin mú ìwé àdéhùn tí a fi ọwọ́ kọ wá, tí Mai Unguwa ìgbà náà tẹ ìka sí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè fi hàn pé owó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n òfin ní kí gómìnà fọwọ́ sí i kí títà ilẹ̀ tó lè múlẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó gbé e dé ibẹ̀. Ẹni mẹ́ta wá lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ní ìwé wà nílé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ọ̀fà, nínú àpótí ìyá. Ọ̀kan mú fọ́tò ìsìnkú bàbá rẹ̀ wá, ó ní kí a wo ilé náà bí ó ti dúró lẹ́yìn pósí. A wò ó. Ilé náà dúró níbẹ̀ lóòótọ́.

Ẹni kọkànlá ni ìyá wa opó kan tí ń ta aṣọ, tí ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì gọ́tà, ní ìdojúkọ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí gan-an. Agolo bisikíìtì ni ó gbé wá, agolo onígun mẹ́rin ti àtijọ́. Ìwé tí wọ́n fi fún ọkọ rẹ̀ ní pulọ́ọ̀tì wà nínú rẹ̀. Pláànù ilé wà níbẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀, ó ti gbẹ bí ewé àgbàdo. Rìsíìtì owó orí ilé wà níbẹ̀ láti 1973, ti ọdọọdún, èyí tí ọkọ san àti èyí tí òun fúnra rẹ̀ san lẹ́yìn tí ọkọ kú. Ìyá yìí kò mọ̀wé kà. Nígbà tí a bi í léèrè ìdí tí ó fi pa wọ́n mọ́ tó bẹ́ẹ̀, ó ní, “Gáná ni bàbá àwọn ọmọ mi ti dé.”

Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí ó ń sọ. Ní 18 Oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gáná pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a tàbí kí ó jáde láàrin ọjọ́ 14. Àwọn ènìyàn wa pọ̀ nínú àwọn tí ó fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n gun lọ́rì padà sílé pẹ̀lú ẹrù tí wọ́n lè rù lórí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn búra pé àwọn kò tún ní kọ́lé sí àjò mọ́. Ọkọ ìyá yìí kò búra bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé òun kò ní kọ́lé láìsí ìwé.

Àwa kì í ṣe àjèjì níbí bí àwọn baba wa ti jẹ́ ní Gáná. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, ní ìpín 43, sọ pé ọmọ Nàìjíríà lè ní ilé àti ilẹ̀ níbikíbi ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n láti ní ilé jẹ́ ohun kan, láti ní ohun tí ènìyàn yóò nà sí ọ̀gá ọ́fíìsì pé òun ni ó ni ín jẹ́ ohun mìíràn. Ẹnu wa ni a fi ń jẹ́ ẹjọ́ ní ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìwé.

Kì í ṣe ẹ̀bi wa nìkan. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Sabon Gari ti lọ́jú pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ojú irin gòkè wá sí Àríwá, tí ó sì dé Kánò ní nǹkan bí 1911 sí 1912, àwọn baba wa bá a gòkè wá, akọ̀wé, káfíńtà àti oníṣòwò. Ìjọba òyìnbó kò fẹ́ kí wọ́n gbé nínú ìlú àtijọ́, kò sì fẹ́ wọn nítòsí ara rẹ̀. Ìlànà ìgbà Lugard ni pé kí ilẹ̀ òfìfo tí ó tó yáàdì 440 wà láàrin ibùgbé òyìnbó àti ti aláwọ̀ dúdú. Nítorí náà wọ́n la òpópónà gbọọrọ gbọọrọ sí apá kan, wọ́n pín in ní pulọ́ọ̀tì, wọ́n pè é ní ìlú tuntun. (Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe Sábó fún àwọn Hausa ní Ìbàdàn ní 1916. Nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sí aládùúgbò rẹ̀, kí ó rántí pé ọmọ aládùúgbò náà wà lọ́dọ̀ tiwa, ó ń ta màlúù níbẹ̀.) Nígbà tí ó yá, òfin ilẹ̀ tí Ìjọba Àríwá ṣe ní 1962 pe ẹni tí bàbá rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀yà Àríwá ní ẹni tí kì í ṣe onílẹ̀. Àwọn ará Ìlọrin àti Ọ̀fà ń rẹ́rìn-ín, a rí yín. Àríwá ni wọ́n ka tiyín sí nígbà náà, ẹ̀yin kọ́ ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ní 29 Oṣù Kẹta 1978 ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ dé, tí ó sọ gbogbo Nàìjíríà di abẹ́ òfin kan. Ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ gómìnà rẹ̀. A fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìpín 34 òfin náà dáadáa. Ẹni tí ilẹ̀ ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí òfin tó dé, tí ó sì ti kọ́lé sí i, òfin kà á sí ẹni tí gómìnà fún ní ilẹ̀ náà. Èyí túmọ̀ sí pé bí bàbá rẹ bá kọ́lé síbí ní 1973 lọ́nà tí ó tọ́, ilé náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́rìí sí 1973? Agolo bisikíìtì ni.

Òfin kan náà sọ pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ànfààní gbogbo ará ìlú, wọ́n gbọ́dọ̀ fún onílẹ̀ ní ìwé ìkìlọ̀, kí wọ́n sì san owó ilé tí wọ́n wó: iye tí yóò ná ni láti kọ́ irú rẹ̀, kí wọ́n yọ iye tí ó ti gbó kúrò. Ilẹ̀ lásán kò ní owó púpọ̀ nínú òfin yìí. Ẹni tí ó bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ láìkọ́ nǹkan sí i, tí ó ń dúró de ọjọ́ tí ìjọba yóò sọ ọ́ di olówó, kí ó má retí púpọ̀. Bí ilé kò bá sì ní pláànù tí wọ́n fọwọ́ sí, ọ̀rọ̀ owó ìtanràn ni wọ́n máa ń bá onílé sọ, kì í ṣe owó ìtùnú.

Àwa tí a jẹ́ oníṣòwò gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kánò ní 2023. Ìjọba tuntun wó ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, lára wọn ni èyí tí ó wà ní pápá ìkírun ọdún. Àwọn onísọ́ọ̀bù náà kóra jọ bí ẹgbẹ́, wọ́n lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀, ilé ẹjọ́ sì ní kí wọ́n san 30 bílíọ̀nù náírà fún wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó ní ìta ilé ẹjọ́, wọ́n fi 3 bílíọ̀nù parí rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni. Ṣùgbọ́n bí olúkúlùkù bá dá lọ, ìdá kan yẹn pàápàá kò bá má sí.

Ibi tí a ti ṣìnà jù ni pé a kò mọ ẹnu ọ̀nà tí a ó kàn. Lọ́sẹ̀ kìíní, a lọ bá káńsù jà lórí àmì pupa. Wọ́n gbà wá dáadáa, wọ́n fún wa ní omi mu, wọ́n ní kì í ṣe àwọn ni. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀rọ̀ ìgbèrò ìlú, ibi tí a lè kọ́lé sí àti ibi tí a kò lè kọ́ ọ sí, ti ìpínlẹ̀ ni. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ bẹ́ẹ̀ ní 2003. Àjọ ètò ìlú ti ìpínlẹ̀ ni ó ni ọ̀dà pupa. Ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ ìgboro, ọ́fíìsì ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ gómìnà ni. Ti káńsù ni ọjà, ìdíkọ̀, ibi ìdàlẹ̀sí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo ènìyàn, orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé, ìtẹ́ òkú, owó orí ilé, àti gọ́tà àdúgbò. Inú Ìwé Òfin 1999 ni a kọ ọ̀pọ̀ wọn sí. Nítorí náà àmì tí ó wà lára ilé wa ti ọ́fíìsì kan wá, gọ́tà tí ó fa àmì náà sì wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì mìíràn. A ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó mọ èyí.

Nígbà tí a padà lọ sí káńsù lẹ́ẹ̀kejì, a kò lọ bá wọn jà. A béèrè iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún gọ́tà wa nínú ìwé ìṣirò owó ọdún yìí. Akápò wọn, ọkùnrin onírẹ̀lẹ̀ kan, ṣí ìwé náà níwájú wa. Ó fi ìka tọ́ ọ láti òkè dé ilẹ̀. Gọ́tà àdúgbò mẹ́ta wà níbẹ̀. Tiwa kò sí. A ní, “Èé ti rí?” Ó ní wọn kò rí ìwé kankan gbà láti ọ̀dọ̀ wa. A ní a kọ̀wé lọ́dọọdún, àwa fúnra wa ni a kọ ọ́. Ó wá fáìlì wa jáde. Ẹ̀yin ará, ìwé wa mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ni a kọ ní Oṣù Keje tàbí Oṣù Kẹjọ, nígbà tí omi ti wọ yàrá. Ìṣirò owó ọdún ti kọjá lórí tábìlì àwọn káńsẹ́lọ̀ ní oṣù púpọ̀ ṣáájú. Kí ọdún tó parí ni wọ́n ń gbé ti ọdún tí ń bọ̀ jókòó. Ní àkókò yẹn, ẹ̀rùn ti dé, gọ́tà ti gbẹ, àwa sì ń ra aṣọ ọdún. Àwọn àdúgbò mẹ́ta tí ó rí tiwọn nínú ìwé rán àgbà lọ sọ́dọ̀ káńsẹ́lọ̀ wọn ní ìgbà ẹ̀rùn.

Ó tún fi ohun kan hàn wá tí a kò fẹ́ rí. Ó mú ìwé owó orí ilé òpópónà wa jáde. Àwọn tí ó san kò pọ̀ tó láti kún ọkọ̀ akérò kan. Ó ní, “Alhaji akọ̀wé, kí ni a ó fi gbẹ́ ẹ?” A sọ fún un pé owó ti Àbújá ń kọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa mọ ìtàn owó yẹn, bí ó ti ń gba inú àkáǹtì àjùmọ̀ní tí ìpínlẹ̀ àti àwọn káńsù jọ ní kí ó tó dé ìsàlẹ̀. Ní 11 Oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó káńsù 774 tí ó wà ní Nàìjíríà máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, àti pé káńsù gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àwọn tí ará ìlú dìbò yàn. Ìdájọ́ ńlá ni. Ohun tí ó kàn wá níbẹ̀ ni pé a ní ẹ̀tọ́ láti bi alága káńsù léèrè bí ó ti ná an. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò san owó orí ilé tirẹ̀, ohùn rẹ̀ máa ń kéré bí ó bá fẹ́ béèrè ti ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná.

Káńsù ní kí wolé-wolé àti ẹnjiníà kan bá wa rin ẹ̀bá gọ́tà náà. Alága wà níbẹ̀, Mai Unguwa wà níbẹ̀, ìyá wa náà sì jáde sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ohun tí a rí nínú gọ́tà, tiwa ni. Ọ̀rá omi mímu, eérú, ìwé tí a fi ń pọ́n àkàrà, gígé aṣọ àwọn télọ̀, àti ìwo màlúù kan tí a kò mọ ibi tí ó ti wá. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí, wolé-wolé dúró. Ó fi igi tọ́ páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ̀ngàn wa, tí ó yọ ẹnu sínú gọ́tà. Kò sọ̀rọ̀. Mai Unguwa wo ojú ọ̀run. Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, a ò bá wọlé lọ.

Ẹnjiníà wá ṣí pláànù Sabon Gari àtijọ́. Nínú pláànù náà, gọ́tà ńlá lọ gbọọrọ bí okùn. Lónìí ó tẹ̀. Ibi tí ó tẹ̀ ni ẹ̀yìn gbọ̀ngàn wa, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ti wọ inú rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án. Omi kì í bá ilé jà, ibi tí ó bá rọ̀ ni ó ń gbà. Nígbà tí ògiri wa dí i ní apá ìhín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ ní apá ọ̀hún, lọ́dọọdún, títí ó fi dé ẹ̀yìn ilé ìyá yìí. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé rẹ̀, ó jìnnà sí gọ́tà. Kò rìn lọ bá a. Àwa ni a tì í lọ bá a.

A wá lọ sí àpótí. Ìwé ìpàdé ti 1987 wà níbẹ̀, ìwé ọwọ́ akọ̀wé ìgbà náà dára ju tiwa lọ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpàdé gbà kí a fa ẹ̀yìn gbọ̀ngàn jáde fún ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin, kí ẹgbẹ́ lè ní owó tí ń wọlé. Bàbá kan dìde, ó ní kí a kọ́kọ́ mú pláànù lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n dá a lóhùn pé yóò pẹ́, àti pé ta ni yóò wá wọn ẹ̀yìn ilé? Wọ́n dìbò. Bàbá náà nìkan ni kò nawọ́. A wá pláànù ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin yẹn nínú àpótí títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí.

Àwọn kan yóò sọ pé gọ́tà kan péré ni a ń sọ yìí. Gbogbo àwa tí a ń gba Mokwa lọ sílé mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni a ti ń sọ̀ kalẹ̀ jẹun. Ní òru 28 mọ́jú 29 Oṣù Karùn-ún 2025, òjò rọ̀ níbẹ̀, omi wá gbé ilé àti ènìyàn lọ, ẹ̀mí tí ó bá a lọ ju 200. Àwọn ará ibẹ̀ sọ bí omi ti kọ́kọ́ dúró lẹ́yìn òkìtì ojú irin, nítorí pé ihò tí ó yẹ kí ó gbà ti dí, kí ó tó ya lẹ́ẹ̀kan náà. Tiwa kò tó ti Mokwa. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta ni ó ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìyá yìí.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ti rí. Àjọ ètò ìlú gbà láti fún wa ní àkókò títí òjò àkọ́rọ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó bá fúnra rẹ̀ gé èyí tí ó kọjá ìlà, àwọn kò ní fọwọ́ kan ìyókù ilé rẹ̀. Nínú ilé 11 náà, meje ni ó jẹ́ pé ilé ìdáná tàbí ọgbà tàbí àjà iwájú nìkan ni yóò lọ. Mẹ́ta yóò pàdánù yàrá. Ilé ìyá yìí nìkan ni ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá, kò sì ní ṣẹ́kù ohun tí ènìyàn lè gbé. Ọ̀rọ̀ owó ìtùnú rẹ̀ yóò rọrùn ju ti gbogbo yín lọ nítorí agolo rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá ẹni 70 ọdún ó lé kò béèrè owó. Ilé ni ó béèrè.

A bi ẹnjiníà bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Ó ní àárín gọ́tà ni àwọn ń wọ̀n láti. Bí gọ́tà bá padà sí ojú ibi tí ó wà nínú pláànù, ìlà yóò padà pẹ̀lú rẹ̀, ilé ìyá náà yóò sì bọ́ síta, bóyá kìkì ibi ìwẹ̀ ẹ̀yìn ni yóò kàn. Kò lè padà bí ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin wa bá wà níbẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ wa sì sọ ọ́ níwájú Mai Unguwa pé bí ẹgbẹ́ bá fúnra rẹ̀ wó wọn kí ọdún tó parí, òun yóò gbé gọ́tà náà wọ inú ìṣirò owó ọdún tí ń bọ̀. A ti ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́, ìwé náà wà lọ́wọ́ wa.

A kò ní fi ohunkóhun pamọ́ fún yín nípa ohun tí a ó pàdánù. Owó ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin yẹn ni a fi ń gbé òkú lọ sílé. Òun ni a fi san owó ìdánwò àwọn ọmọ méjìlá lọ́dún tó kọjá. Bí a bá wó wọn, ìdáwó oṣooṣù yóò ní láti lọ sókè, àwọn kan nínú yín kò sì tíì san ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn mẹ́rin tí ó gba ṣọ́ọ̀bù náà, oníṣòwò ni wọ́n bíi tiwa, a sì ti gba owó ọdún kan lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀. A gbọ́dọ̀ dá èyí tí wọn kò tíì lò padà. Owó náà kò sí ní báńkì. Ìyá Ẹgbẹ́ mọ ibi tí a ná an sí, ìsìnkú mẹ́ta ni.

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí a dúró. Wọ́n ní katapílà lè má wá, pé ìdìbò ń bọ̀, pé ọ̀rọ̀ á tutù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ rí. Èrò tiwa, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ní kí a sọ ọ́, ni pé a kò lè mú ẹjọ́ àwọn onílé 10 tó kù lọ sí ọ́fíìsì kankan nígbà tí ògiri tiwa bá wà nínú gọ́tà. Wọn yóò fi igi tọ́ ọ bí wolé-wolé ti ṣe, wọn kò sì ní nílò láti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwa kọ́ ni a ni gbọ̀ngàn, ẹ̀yin ni.

Ìpàdé àkànṣe yóò wáyé ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù tí ń bọ̀, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn onísọ́ọ̀bù mẹ́rin yóò wà níbẹ̀, a ó sì kọ́kọ́ gbọ́ tiwọn. Ẹni tí ìwé ilé rẹ̀ wà nílé, kí ó fún ẹni tí ń lọ ní ìparí oṣù níṣẹ́, kí ó mú un bọ̀. A ti bá ẹni tí ń ya fọ́tò ìwé sọ̀rọ̀, yóò ṣe é ní ẹ̀dínwó fún ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn tí ìwé wọn wà lórúkọ bàbá tí ó ti kú, kí wọ́n rí wa lẹ́yìn ìpàdé yìí, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò papọ̀, kí ẹnì kan má dá wá. Páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀, a kò dúró de ìpàdé lórí ìyẹn. Káfíńtà àti bíríkìlà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ṣáláǹgá, ẹ má gba ẹ̀yìn kọjá lálẹ́.

Ìyá wa ní kí a sọ fún yín pé òun kò ní wá sí ìpàdé àkànṣe náà, kí ojú má bàa ti ẹnikẹ́ni láti dìbò bí ọkàn rẹ̀ ti rí. A ó gbé ìwé ìpàdé 1987 sórí tábìlì, kí ẹni tí ó bá fẹ́ kà á kí ó kà á.